Iṣẹ́ Wo Ni Kò Gbọdọ̀ Dúró? Bí Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Ń Yẹ Ara Rẹ̀ Wò Kí Àjálù Tó Dé

Ní ọjọ́ 27 oṣù Òkúdù ọdún 2017, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọ́fíìsì Maersk káàkiri ayé. Maersk, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Copenhagen ní Denmark, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù jù lọ láyé. Abẹ́ rẹ̀ náà ni APM Terminals wà, tó ń já kọ̀ǹtéínà ní èbúté Àpápá. Kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní NotPetya ló wọlé. Inú M.E.Doc ló gbà wá, ìyẹn ètò ìṣirò tí àwọn oníṣòwò Ukraine fi ń ṣe ìwé owó orí wọn. Ọ́fíìsì Maersk tó wà ní ìlú Odessa ní Ukraine fi ètò yìí sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ọkọ̀ ojú omi kankan kò rì, ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹtéínà kò sì bàjẹ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ dákú ní èbúté 17 nínú 76 tí ilé-iṣẹ́ náà ń bójú tó, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹtéínà wo, tàbí ẹni tó ni ín. Tírélà tò sẹ́nu ọ̀nà èbúté, àwọn oníbàárà kò sì rí ọ̀nà fi ẹrù tuntun ránṣẹ́. Jim Hagemann Snabe, tó jẹ́ alága ilé-iṣẹ́ náà nígbà náà, ṣàlàyé níbi àpérò ọrọ̀ ajé àgbáyé ní Davos ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2018 pé ọjọ́ mẹ́wàá ni àwọn òṣìṣẹ́ fi tún server 4,000, kọ̀ǹpútà 45,000 àti ètò orí kọ̀ǹpútà 2,500 tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó tí wọ́n pàdánù tó mílíọ̀nù 250 sí 300 dọ́là.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí ara wọn gbà padà ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń darí ilé-iṣẹ́ mọ̀. Maersk ní server bí 150 tí wọ́n ń pè ní domain controller. Àwọn ló mọ orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ibi tó láṣẹ láti wọ̀. Láìsí wọn, kò sí bí ohun yòókù ṣe lè padà sípò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ẹ̀dà ohun tó wà lórí àwọn yòókù, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, èyí tó kù á gbà á sílẹ̀. Ètò yẹn kò ro ti ọjọ́ tí gbogbo wọn lè kú pọ̀, NotPetya sì pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan péré ló ṣẹ́kù, èyí tó wà ní Ghana, nítorí pé iná ti lọ ní ọ́fíìsì yẹn kí kòkòrò náà tó dé. Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò lágbára tó láti fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ kíákíá sí ibùdó àtúnṣe tó wà ní Maidenhead ní England, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan ní Ghana tó ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnì kan bá gbé hard disk tí àkọsílẹ̀ náà wà nínú rẹ̀ wá sí pápákọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ó fi lé òṣìṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ìyẹn sì wọ bàálù gbé e lọ sí London.

Iná tó lọ ló gba Maersk là, kì í ṣe ètò. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ pẹ́ kò lè fi ara rẹ̀ lé irú oríire bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó lè ṣe ni pé kó yẹ ara rẹ̀ wò nígbà tí ara ṣì le, kó mọ iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ dúró, kó mọ ohun tí iṣẹ́ náà gbára lé, kó sì mọ ibi tí ewu lè gbà wọlé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín.

Ìwádìí méjì, ọ̀kan ló ń ṣáájú

Ìlànà àgbáyé kan wà fún ètò kí iṣẹ́ má bàa dáwọ́ dúró. ISO 22301 ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 2012, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2019. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń wá ìwé-ẹ̀rí nìkan ló wúlò fún. Ìwádìí méjì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí ló sì lè ṣe wọ́n. Èkíní ni àyẹ̀wò ìpalára: bí iṣẹ́ yìí bá dúró, ta ni yóò fara gbá a, báwo sì ni ìpalára náà yóò ṣe máa le sí i bí wákàtí ṣe ń lọ? Èkejì ni àyẹ̀wò ewu: kí ló lè dá iṣẹ́ náà dúró, báwo ni ìyẹn ṣe lè wáyé tó, kí la sì ti ṣe sí i?

Òdìkejì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa ka àjálù: ìjàm̀bá iná, omíyalé, olè, ìyanṣẹ́lódì. Àjálù kò lóǹkà, èyí tí a kò sì kà náà ló sábà máa ń dé. Lọ́dún 2019, oníṣòwò tó kọ ọ́ sínú ètò rẹ̀ pé ìjọba yóò pàṣẹ kí tẹrú-tọmọ jókòó sílé kò pọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó àti Àbújá.

Ohun tó lóǹkà ni ọ̀nà tí iṣẹ́ fi ń dúró. Èèyàn kò lè wá síbi iṣẹ́, ilé kò ṣeé wọ̀, iná tàbí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, àkọsílẹ̀ sọnù, ẹni tó ń kó ọjà wá kò dé, owó kò ṣeé ná. Àjálù yòówù kó ṣẹlẹ̀, ọ̀kan tàbí méjì nínú mẹ́fà yìí ni yóò yọrí sí. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ìpalára fi ń ṣáájú. Ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kò gbọdọ̀ dúró, tó sì mọ ohun tí iṣẹ́ náà gbára lé, yóò ti múra sílẹ̀ fún àjálù tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ ẹ̀ka

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìwòsàn aládàáni kan tó ní ogójì ibùsùn ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá ní kí wọ́n ka iṣẹ́ wọn, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ kà ni ẹ̀ka: ẹ̀ka nọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ìṣirò owó, ẹ̀ka ìpọògùn, ẹ̀ka àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àkójọ yìí kò ní ràn wá lọ́wọ́, nítorí aláìsàn kò wá síbẹ̀ torí ẹ̀ka. Ó wá kí wọ́n lè gbẹ̀bí fún un, kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kí wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, kí wọ́n gba ọmọ rẹ̀ ní àjẹsára. Ohun tí ẹni tó wà níta ń rí gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ni iṣẹ́. Iṣẹ́ kan lè la ẹ̀ka mẹ́rin kọjá. Gbígbẹ̀bí nípasẹ̀ iṣẹ́ abẹ nílò dókítà, nọ́ọ̀sì, oníṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, apòògùn àti ẹni tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá ń wo ẹ̀ka lẹ́yọ lẹ́yọ kò ní rí okùn tó so wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a óò bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Ọ̀gá àgbà mọ bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ máa lọ. Mátírọ̀nù, awakọ̀ àti ẹni tó ń da epo sí jẹnẹrétọ̀ mọ bó ṣe ń lọ. Kí ẹ má bi wọ́n pé “Ṣé iṣẹ́ yín ṣe pàtàkì?” nítorí kò sẹ́ni tí yóò sọ pé tòun kò ṣe pàtàkì. Ìbéèrè tó ń mú ìdáhùn gidi wá ni èyí tó kan ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí: “Mátírọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, lóru tí jẹnẹrétọ̀ kọ̀ tí kò dáhùn, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe? Ta lẹ pè? Nígbà wo ni ọkàn yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í já?” Ìdáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni ìwádìí náà ń wá, torí òun ló ń sọ àkókò.

Àkókò ni òṣùwọ̀n

Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì pọ̀. Èyí tí kò lè dúró ló kéré. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n bí ètò ìsanwó bá bàjẹ́ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Bó bá bàjẹ́ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ariwo á ta. Nítorí náà, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ bi léèrè pé: bó bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́? Wákàtí mẹ́rin? Ọjọ́ kan? Ọ̀sẹ̀ kan? Kí ẹ sì ro ọjọ́ tó burú jù lọ tó lè bọ́ sí. Fún ilé ẹ̀kọ́, ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni. Fún báńkì, ìparí oṣù. Fún aláṣọ, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá tàbí Kérésìmesì.

Ìpalára tí a ń wò kì í ṣe owó nìkan. Ẹ̀mí àti ìlera èèyàn ló ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin àti àdéhùn tí a ti tọwọ́ bọ̀, owó tí kò ní wọlé àti owó ìtanràn, orúkọ rere, àti ohun tí kò ní ṣeé tún ṣe mọ́ bó bá ti bàjẹ́.

Ní ilé ìwòsàn tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ìwé náà lè rí báyìí:

- Ọ́síjìn fún ọmọ tuntun àti aláìsàn tí kò lè mí dáadáa: ìṣẹ́jú díẹ̀.
- Iṣẹ́ abẹ tó ti bẹ̀rẹ̀: kò gbọdọ̀ dúró rárá. Èyí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, tó sì jẹ́ ti pàjáwìrì: kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Èyí tí a ti fi ọjọ́ sí: ó lè sún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.
- Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú fíríìjì, tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àti àjẹsára tó gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8: wákàtí díẹ̀, bí fíríìjì bá ṣe lè pa òtútù mọ́ tó.
- Àyẹ̀wò àwọn aboyún tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ọjọ́ kan tàbí méjì.
- Owó oṣù: ọjọ́ mẹ́ta, bó bá jẹ́ ìparí oṣù.
- Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́: oṣù kan.

Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wà lókè àkójọ, nǹkan mẹ́rin ni ẹ ó kọ sílẹ̀. Èkíní ni gbèdéke, ìyẹn ibi tí ìpalára ti kọjá ohun tí ilé-iṣẹ́ lè fara dà. Èkejì ni àkókò tí a fẹ́ kí iṣẹ́ padà, èyí tó gbọ́dọ̀ kúrú ju gbèdéke lọ, nítorí àtúnṣe máa ń pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí a fi lè máa bá iṣẹ́ lọ. Kì í ṣe dandan kí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà: yàrá iṣẹ́ abẹ kan tó wà fún pàjáwìrì nìkan ti tó fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin ni ìwọ̀n àkọsílẹ̀ tó lè sọnù láìba nǹkan jẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru nìkan ni ilé ìwòsàn ń ṣe ẹ̀dà fáìlì àwọn aláìsàn, tí kọ̀ǹpútà wá kú ní aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo oògùn tí wọ́n lò fún aláìsàn láti àárọ̀ ló ti pòórá nínú ìwé. Nọ́ọ̀sì tó ń gba iṣẹ́ lálẹ́ kò ní mọ ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ àti ẹni tí kò tíì gbà á.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti ń bẹ́ sílẹ̀, ó sì yẹ kó bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á fẹ́ kí tiwọn wà lókè. Ọ̀gá àgbà ló gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ náà, kó sì dá a síta. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ilé-iṣẹ́ tó bá pe ohun gbogbo ní kòṣeémánìí kò tíì yan ohunkóhun.

Ohun tí iṣẹ́ gbára lé

Bí a bá ti mọ iṣẹ́ tí kò lè dúró, a óò tọ ipasẹ̀ ohun tó gbé e dúró títí dé ìdí. Yàrá iṣẹ́ abẹ gbára lé iná. Bí iná ìjọba bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni. Jẹnẹrétọ̀ gbára lé dísẹ́ẹ̀lì, bátìrì tó ń sọ ọ́ jí, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tàn. Dísẹ́ẹ̀lì gbára lé ẹni tó ń tà á àti owó tí a fi ń rà á. Owó gbára lé báńkì, báńkì sì gbára lé nẹ́tíwọ̀kì.

Nígbà tí ẹ bá tọ̀ ọ́ dé ìdí báyìí, ẹ ó rí i pé kókó kan ń yọjú. Ríra dísẹ́ẹ̀lì, tó dà bí iṣẹ́ kékeré tí akọ̀wé kan ń ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, ti jogún gbèdéke yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó epo sí bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbé ìlú mìíràn, ẹ̀mí àwọn aboyún wà nídìí kọ́kọ́rọ́ yẹn. Mo rọ̀ yín kí ẹ dúró pẹ́ níbi ìpele yìí ju ibikíbi lọ, torí ibẹ̀ ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò fura sí ti ń jáde.

Ọ̀rọ̀ owó tí mo mẹ́nu bà kì í ṣe àsọdùn. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pààrọ̀ owó igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan, ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún owó àtijọ́, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Èrèlè. Owó tuntun kò tó nílùú, tiransífà àti POS sì ń há. Ilé-iṣẹ́ tó lówó rẹpẹtẹ ní báńkì kò rí owó ra nǹkan tó ń ta lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó pàṣẹ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa ṣeé ná títí dé ìparí ọdún náà. Ẹni tó ti bá oníṣòwò epo rẹ̀ ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀ pé kó máa gbé epo wá kí owó tó tẹ̀ lé e ní ìsinmi ọkàn ju ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé owó ọwọ́ lọ.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló sì gbà bẹ́ẹ̀: wọ́n ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì, wọ́n fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ pamọ́ síbi méjì. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé láti wò ni bóyá ọ̀nà méjèèjì pàdé níbì kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá gé lẹ́yìn etíkun Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Báńkì àti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fara gbá a ní Nàìjíríà, Ghana àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ méjèèjì gba orí àwọn wáyà yẹn kò ní ọ̀nà méjì, bó ti wù kí orúkọ tó wà lára ìwé owó yàtọ̀ tó. Glo-1 àti Equiano, tí wọ́n dé Èkó pẹ̀lú, kò sí lára èyí tó gé. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un rọrùn: “Wáyà wo lẹ ń gbà jáde kúrò nílẹ̀ yìí?” Bákan náà ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀: bó bá so mọ́ kọ̀ǹpútà kan náà tí kòkòrò lè wọ̀, ohun kan náà ni yóò pa àwọn méjèèjì. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà tí kò so mọ́ nǹkan kan.

Ẹ má sì gbàgbé èèyàn. Nọ́ọ̀sì tó mọ ẹ̀rọ ọmọ tuntun lò, mẹkáníìkì tó mọ àìsàn jẹnẹrétọ̀ yẹn, akọ̀wé tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo: bí ọ̀kan nínú wọn bá rí físà gbà lóṣù tó ń bọ̀, ta ló kù? Ní àkókò tí àwọn oníṣẹ́ ìlera ń ré kọjá sókè òkun lójoojúmọ́, ewu yìí sún mọ́ wa ju ìjàm̀bá iná lọ.

Wíwọn ewu

Nísinsìnyí ni àyẹ̀wò ewu tó bẹ̀rẹ̀. Fún ohun kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ pàtàkì gbára lé, ẹ bi ara yín pé kí ló lè mú un lọ. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà láti 1 sí 5 fún bó ṣe lè wáyé tó, àti 1 sí 5 fún bí ìpalára rẹ̀ yóò ṣe tó, kí wọ́n wá sọ méjèèjì di ìlọ́po. Iná tó ń lọ lójoojúmọ́ lè gba 5 fún ìṣẹ̀lẹ̀, kó sì gba 2 fún ìpalára bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dáhùn. Ìyẹn jẹ́ 10.

Nọ́ńbà yìí wúlò fún títo ewu lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n ó lè tan èèyàn. Ewu tó gba 1 àti 5, àti èyí tó gba 5 àti 1, ọ̀kan náà ni ìlọ́po wọn. Èyí kan lè ba ilé-iṣẹ́ jẹ́ pátápátá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èkejì kàn ń yọni lẹ́nu ni. Nítorí náà, ewu tó bá lè gba ẹ̀mí tàbí tó lè ti ilé-iṣẹ́ pa, ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí ó wà, bó ti wù kí ó ṣọ̀wọ́n tó.

Ibo la ti ń rí nọ́ńbà fún bí nǹkan ṣe lè wáyé tó? Ìtàn ibi tí a wà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìbàdàn mọ odò Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980, òjò ńlá mú kí odò náà kún bo àwọn ènìyàn àti ilé mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011, omíyalé tún gba ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún nílùú kan náà. Ẹni tó bá ń kó ẹ̀rọ iyebíye sí ìsàlẹ̀ ilé tó wà létí odò ní Ìbàdàn kò lè sọ pé òun kò gbọ́. Ìparí oṣù Ògún wà nínú kàlẹ́ńdà lọ́dọọdún. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò ibi tí omi dé rí, kí ẹ sì lọ wo ògiri.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi ṣeré: ààbò tí a kò tíì dán wò, òfo ni kí ẹ kà á sí. Jẹnẹrétọ̀ kejì tí kò tíì dáhùn láti oṣù mẹ́fà, ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wò, nọ́ńbà fóònù ẹni tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́: bí ẹni pé wọn kò sí rárá ni kí ẹ ṣe wọn ewu yẹn.

Láti orí ìwé dé ìpinnu

Ewu kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́rin tí a lè gbà bá a lò. A lè dín in kù, bíi ká ra bátìrì tí yóò gbé iná ọ́síjìn títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dáhùn, tàbí ká fi sílíńdà ọ́síjìn tí kò nílò iná sí ìtòsí. A lè pín in pẹ̀lú ẹlòmíràn, bíi ká bá ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ṣe àdéhùn pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn wa, kí àwa náà gba tiwọn. A lè yẹra fún un, bíi ká kó fíríìjì ẹ̀jẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ ilé. A sì lè gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí owó àtúnṣe rẹ̀ ju ìpalára rẹ̀ lọ. Ìdíyelófò wà lára pípín ewu, ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé owó ni yóò san padà. Kò ní dá wákàtí tó sọnù padà.

Àyẹ̀wò ìpalára ló ń jẹ́ ká mọ iye tó yẹ ká ná. Bí gbèdéke iṣẹ́ kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohun tí yóò gbà á là gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó sì wà ní títàn. Kò sí àkókò láti ránṣẹ́ lọ rà á. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó lè gbé e wá lọ́la ti tó, owó rẹ̀ sì kéré. Báyìí ni owó yóò ṣe máa tẹ̀ lé àkókò, tí kò ní máa tẹ̀ lé ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù níbi ìpàdé.

Ewu tí a bá pinnu láti gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ tàbí ìgbìmọ̀ alábòójútó kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí yẹn ń yí bí èèyàn ṣe ń ronú padà. Ọ̀gá tó máa ń sọ pé “Kò lè ṣẹlẹ̀” máa ń tún un rò nígbà tí bírò bá dé ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ẹ kó àwọn olórí ẹ̀ka jọ fún wákàtí méjì, kí ẹ sọ fún wọn pé aago méjì òru ni, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, obìnrin kan sì wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ta ló ń ṣe kí ni? Ẹ gbìyànjú láti fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tún kọ̀ǹpútà òfìfo kan ṣe, kí ẹ wo iye wákàtí tó gbà. Ẹ pe gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ètò náà. Ohun tí ìdánwò bá tú síta, ẹ padà lọ ṣàtúnṣe rẹ̀ nínú ìwé. Ó kéré tán, kí ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe lọ́dọọdún, àti nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀rọ, ibùdó, ètò kọ̀ǹpútà tàbí ẹni tó ń kó ọjà wá fún yín. M.E.Doc tó wà ní Odessa jẹ́ ẹ̀rí pé ohun kékeré kan tí a fi kún iṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan lè yí ewu gbogbo ilé-iṣẹ́ padà.

Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún lè ṣe gbogbo èyí láìgba onímọ̀ kankan. Kó mú ìwé kan, kó kọ iṣẹ́ mẹ́ta tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò lè ṣe aláìní. Kó kọ iye wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dúró sí iwájú rẹ̀. Kó tọpa ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbára lé dé ìdí. Kó sì fa ilà sí abẹ́ gbogbo ohun tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, yálà èèyàn ni, ẹ̀rọ ni, kọ́kọ́rọ́ ni tàbí ẹni tó ń kó ọjà wá. Ibi tí ilà bá pọ̀ sí jù ni kó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Kó sì ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí iná wà, tí nẹ́tíwọ̀kì ń lọ, tí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè.